Ọlọ́wọ́ Òfo Ni Í Bẹ Iṣu

Wọ́n ní kí n ti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé yìí pa. N kò ní tì í. Mo sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá gbóná lẹ́nu àgbà, bó bá fi ìkíni bò ó, yóò tutù kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti Glei àti Datcha wá gba yàrá lọ́dọ̀ mi ní Atakpamé nítorí lísẹ̀, ilé ìwé girama, àti ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí ẹ fọ́n ká Lomé àti òkè òkun, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ẹ mọ̀ pé Àfí aya mi, ìyá àgbà yín, lọ ní àkókò òjò tó kọjá. Ẹ mọ̀ pé Kòkú, àkọ́bí wa, fẹ́ wó ilé ìdáná náà, kó kọ́ yàrá síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kó sì kó mi lọ sínú ilé rẹ̀ ní Lomé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ènìyàn lára. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ibi tí ilé ìdáná yìí ti wá. Ẹ rò pé orí òkè yìí ni wọ́n bí i sí. Rárá o. Ìlú òtútù ni wọ́n bí i sí, àwọn ará Íńdíà méjì ló sì bá wa gbẹ̀bí rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi kan tó ń kàwé lókè òkun fi fóònù rẹ̀ hàn mí nígbà tó wá síbi òkú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán ìrẹsì àti adìyẹ jáde. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ wò ó, bí mo bá ti tẹ èyí, oúnjẹ á kanlẹ̀kùn. N kì í tilẹ̀ rí ojú ẹni tó gbé e wá.” Ó rò pé inú mi yóò dùn. Mo bi í pé, “Ta ni í bá ọ jẹ ẹ́?” Ó ní, “Fíìmù.”

N kò bú u. Ayé tó bá ni ayé tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ti wà lókè òkun rí, èmi àti Àfí, tí a kò ní fóònù tí a kò sì ní fíìmù, tí ọbẹ̀ wa sì máa ń ní ariwo nínú.

Iṣẹ́ òwú àti aṣọ híhun ni ìjọba rán wa lọ kọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ rí ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dà bí òjò ńlá lórí páànù, kì í dá, tó fi jẹ́ pé bí a bá délé nírọ̀lẹ́, ìdákẹ́jẹ́ á máa dun wá létí. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń gbé, ilé ìdáná kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo yàrá ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kálukú ló ń gbé ìkòkò tirẹ̀ wọlé, á sè é kíá bí ẹni jalè, á sì gbé e padà sí yàrá. A kì í kí ara wa. Òórùn oúnjẹ ló ń kí òórùn oúnjẹ.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Saroja àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin Mohan ń gbé. Ìlú òwú ni wọ́n ti wá ní ilẹ̀ Íńdíà, bí a ṣe ti ìlú òwú wá. Faransé tiwọn ti wọ́, tiwa náà ti wọ́, méjèèjì wá fara ti ara wọn bí arọ méjì, wọ́n sì rìn.

Kí ẹ má rò pé a mọ nǹkan kan nígbà tí a dé. Ilé ìtajà ńlá onígíláàsì la ti ń rajà. Iyọ̀ díẹ̀ lónìí, òróró díẹ̀ lọ́la, àti àpò ìrẹsì kékeré bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Búrẹ́dì àti sàdín-ìn inú agolo là ń jẹ títí ojú Àfí fi dà bí ojú ẹja. Saroja ló wo inú àpò wa lọ́jọ́ kan lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mi orí.

Ó ní, “Ẹ̀ ń rajà bí ẹni tí yóò kú lọ́la.”

Inú bí mi. Àfí ní, “Jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ìmọ̀ràn, àmọ́ ìyẹn kò ní kí ìmọ̀ràn má dáa.”

Saroja mú wa lọ sí ọjà gbangba ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe ní òwúrọ̀ tí gbogbo ayé ń lọ. Ìgbà tí ọjà bá fẹ́ tú ni. Ó ní ní ìlú àwọn, ìyá òun ni í dé ọjà kẹ́yìn, tí gbogbo ọlọ́jà sì ń dúró dè é. A dé ibẹ̀, wọ́n ti ń ká tẹ́ńtì. Ewé kábéèjì wà nílẹ̀ káàkiri, àwọn ènìyàn kan sì ń bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Ojú tì mí. Táì wà lọ́rùn mi. Mo lọ dúró lẹ́yìn òpó iná kan, mo ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí Àfí ṣe. Kò ṣa nǹkan kan nílẹ̀. Ó rí ìyá olóyìnbó kan tó ń gbìyànjú láti gbé àpótí ọsàn sínú ọkọ̀, ó sì ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa ní Atakpamé yóò ṣe láìronú: ó lọ tààrà, ó di àpótí náà mú nísàlẹ̀, ó gbé e.

Obìnrin náà figbe ta. “Olè! Ẹ gbà mí o, olè!”

Àfí kò jẹ́ kí àpótí já bọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ń kí i ní èdè Ifẹ̀ àwa ará Atakpamé: “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ kú làálàá.” Bí ìyá náà ti ń fà á síhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni Àfí ń tì í sókè, ọsàn sì ń yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Mohan, tó tẹ̀lé wa, dúró sí igun kan, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Mo kúrò lẹ́yìn òpó. Mo fi Faransé ilé ìwé tó dára jù tí mo ní sọ pé, “Màdáàmù, ẹ má bínú. Ní ilẹ̀ wa, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tó bá rí àgbà nídìí ẹrù tí kò gbé e, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò bú.”

Ó wo mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo táì mi. Ó wo Àfí, tó ṣì di àpótí mú. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ti wú nítorí òtútù. Ó ní, “Nígbà náà, kó gbé àwọn tó kù. Ìwọ onítáì, ọsàn wà lábẹ́ ọkọ̀.”

Báyìí ni mo ṣe dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta òyìnbó, tí mò ń fi ọwọ́ wá ọsàn. Nígbà tí gbogbo ẹrù wọlé tán, ó kó kárọ́ọ̀tì tó ti là fún wa, ó kó àlùbọ́sà, ó kó kábéèjì tí òtútù ti bù ní ewé òde. Àfí ní ènì ni. Ó ní ọlọ́jà kò fi nǹkan kan tọrẹ, iṣẹ́ la ṣe, ènì ló sì fún wa. Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kò kọjá tí a kò bá a kó ẹrù. Bí a bá pẹ́, á máa na ọrùn wò wá. “Ọmọ mi,” ni ó ń pe Àfí. Èmi, títí tí a fi kúrò nílùú náà, “Onítáì” ni.

Saroja tún mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ará ìlú rẹ̀ kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣókùnkùn, ó sì ń ta sánsán. Àpò ńláńlá la ẹnu sílẹ̀ káàkiri. Saroja kì í fi ojú ra nǹkan. Á ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, á bu ti ìsàlẹ̀ wá, á wò ó bóyá ó jọ ti òkè. Àfí náà ti ọwọ́ bọ àpò kan. Ó mú ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan jáde, ẹ̀wà tó là sí méjì, tí kò ní èèpo. Ó jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó sì dúró.

Ó ní, “Òtílí ni.”

Mo ní, “Irọ́ ni.”

“Jẹ ẹ́ wò.”

Mo jẹ ẹ́. Òtílí ni. Òtílí tí àwọn ìyá wa ń gbìn sí etí oko, tí àwọn ọmọ tó lówó fi ń ṣe wá yẹ̀yẹ́. Bí èéfín bá wà lórí ilé kan láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n á máa kọrin pé, “Wọ́n ń se òtílí o, igi ti tán lóko!” A ti gun ọkọ̀ òfuurufú, a ti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, kí a lè jẹ oúnjẹ ọ̀làjú, òtílí sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó ń dúró dè wá. Ẹ̀rín pa Àfí títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù bi Saroja pé kí ló ṣe é. Saroja ní, “Ó pàdé ará ilé rẹ̀.”

Ọjọ́ náà la pa ìkòkò pọ̀. Àpò ìrẹsì ńlá kan, àpò òtílí ńlá kan, èmi àti Mohan sì rù wọ́n gorí àtẹ̀gùn bí alágbàro. Àwọn olóyìnbó ilé wa ṣí ilẹ̀kùn wò wá. Láti ìgbà náà, ìkòkò kan ṣoṣo la ń gbé kaná.

Ìkòkò àjọgbé kì í ṣaláìṣubú. Ìṣubú àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àfí. Saroja ti bi í dáadáa: “Ṣé kò sí ẹran níbẹ̀?” Àfí ní kò sí. Kò purọ́. Lójú tiwa, ta ni í pe ẹja gbígbẹ ní ẹran? Ẹran ni ohun tí a pa, ẹja ni ohun tí a fi ń mú ọbẹ̀ dùn. Ìyá rẹ̀ fi ẹja kékeré kan ránṣẹ́ láti ilé, Àfí gún un, ó dà á sínú ìkòkò. Saroja jẹun, ó yìn ín, ó bù sí i. Nígbà tó fẹ́ bù ú lẹ́ẹ̀kẹta, orí ẹja kan tí odó kò rí jáde sórí ṣíbí, ó ń wò ó.

Saroja gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ohun abẹ̀mí kan kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Àfí lọ bá a ní ọjọ́ kejì nínú ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ bí a ti ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí a ṣẹ̀. Saroja kò rí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un rí. Ẹ̀rù bà á, òun náà kúnlẹ̀. Àfí rí i pé ẹni tí òun ń bẹ̀ ti kúnlẹ̀, ó wá tẹ̀ sílẹ̀ sí i. Saroja náà tẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni Mohan wọlé bá wọn, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Ó ní, “Kí ló já bọ́? Ṣé yẹtí ni?”

Ẹ̀rín ló parí ẹjọ́ náà. Ní ojú ẹsẹ̀, wọ́n ṣe òfin: ohun tó bá lójú kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ohun tó lójú, kó sè é nínú ìkòkò kékeré rẹ̀, kó bù ú sórí tirẹ̀. Mo rò pé ìyà ni. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọgbọ́n ni, nítorí ìkòkò ńlá tí kò ní ohun olójú kì í dẹ́rù ba àpò ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹ̀sìn sì lè jókòó tì í. Ní ti Mohan, mo bá a nídìí ìkòkò kékeré wa nígbà kan. Ṣùgbọ́n òun náà ti di bàbá àgbà báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi àṣírí rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin kejì ló bí ilé ìdáná yìí. Owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí wa máa ń pẹ́. Ó pẹ́ nígbà kan títí ọwọ́ wa fi ṣófo pátápátá, a kò sì ní ohun tí a lè fi kún ìkòkò. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Nítorí náà mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí ìwé, mo ní kí Àfí sọ pé a ti jẹun níta. Òórùn òtílí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. N kò mọ ohun tí ìwé yẹn sọ títí dòní.

Saroja kanlẹ̀kùn. Ó gbé abọ́ ọ̀dùnkún òyìnbó sórí ìwé mi, ó fi ọ̀bẹ lé e.

“Bẹ ẹ́.”

“A ti jẹun.”

“N kò bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Mo ní kí o bẹ ẹ́.”

Mo bẹ ẹ́. Ó mú èèpo kan, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Ó ní, “N kò rí ọ.” Mo ní kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, “Nílé wa, ìyá mi á gbé èèpo sójú oòrùn. Bí kò bá rí ẹni tó bẹ ẹ́ ní òdìkejì, a jẹ́ pé olúwa rẹ̀ ń ju oúnjẹ nù. Bẹ ẹ́ fẹ́lẹ́.” Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ náà, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́. N kò jẹ ẹ́ bí alágbe. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó mi. Nígbà tó kan Saroja àti Mohan, tí tiwọn náà pẹ́, Àfí gbé ọ̀bẹ fún wọn. Òun ló fi ẹnu Ifẹ̀ sọ òfin kejì náà: ọlọ́wọ́ òfo ni í bẹ iṣu. Iṣu ló pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí iṣu sójú. Saroja náà kọ́ ọ sórí, ó ń sọ ọ́ ní èdè wa pẹ̀lú ohùn orin, kò sì jọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ọdún iṣu bá tó nílé, ọkàn wa a máa bàjẹ́. Àfí rí iṣu kan rà lẹ́ẹ̀kan, iṣu tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ọmọ, ó ti rin ìrìn àjò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. A pín in, ó kan kálukú bí òkèlè kan. Saroja ní àwọn náà ní ọdún ìrẹsì tuntun, tí wọ́n ń jẹ́ kí wàrà inú ìkòkò hó títí yóò fi ru jáde, kí ọdún náà lè kún àkúnwọ́sílẹ̀. A ní kí ó ṣe é. Ó ru jáde. Ó kún orí ààrò, ó ń jóná, èéfín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá tó ń tọ́jú ilé náà sáré gòkè wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń bú wa, àwa mẹ́rin sì ń pàtẹ́wọ́ fún ìkòkò náà, a ń hó yèè. Ó ní orí wa ti dàrú. Saroja bu ìrẹsì aládùn fún un nínú ife. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń bú wa lọ, ó sì tún na ife náà padà wá.

Nígbà tí a padà sílé, tí mo gba iṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú, tí Kòkú sì ti ń rìn, Àfí wo ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn ọmọ lísẹ̀ tí wọ́n gba yàrá kún ibẹ̀ nígbà náà bí ẹ ti kún un lónìí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé àpò àgbàdo rẹ̀ wá láti abúlé, ọmọ kọ̀ọ̀kan dá ààrò tirẹ̀. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá tán kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí ìwé. Àfí ní, “Mo mọ ìwé yẹn. Ọkọ mi kà á rí.” Ó ní kí n kọ́ ilé ìdáná kan. Mo kọ́ ọ. Òfin méjèèjì wọlé pẹ̀lú páànù.

Òun ló kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń bó èèpo òtílí kó má baà jẹ igi tán, bí Saroja ti kọ́ ọ. Á rẹ ẹ́, á fi òróró díẹ̀ pa á, á sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, oòrùn á gbà á, lẹ́yìn náà á fi ọlọ là á. Ariwo ọlọ yẹn, gírí-gírí, gírí-gírí, òun ló ń jí mi. Lẹ́yìn náà á fẹ́ ẹ lójú atẹ́gùn, èèpo á máa fò lọ bí eṣinṣin. Àwọn obìnrin àdúgbò dúró lẹ́nu ọgbà, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìyá Kòkú, ẹ ti di ará Íńdíà pátápátá!”

Á ní, “Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa se tiyín lọ. Bí ẹ bá rí i pé ó jinná kí ọmọ yín tó gbéyàwó, ẹ wá ké sí mi.”

Àti ní Glei, lẹ́bàá títì, ó mọ ìgbà tí àwọn oníṣu ń wo oòrùn, tí ọkọ̀ ìkẹyìn sì ń fun fèrè. Kì í yọ wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú nínájà. Á bá wọn di ẹrù, á bi wọ́n léèrè ọmọ wọn. Iṣu tó ní ọgbẹ́ ọkọ́ lára, èyí tí òyìnbó inú fóònù yín kò ní gbé wá sẹ́nu ọ̀nà láéláé, òun ló ń kó bọ̀.

Ó kú ní òwúrọ̀. Ó ti rẹ òtílí sómi kó tó dùbúlẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i, mo sì sè é.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn lọ tán, mo rí i pé àwọn ọmọ ti padà dá ààrò kéékèèké sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Mo rí ilẹ̀kùn kan tó tì ní ọ̀sán. Mo gbé agbọ̀n Àfí, mo lọ sọ́jà.

Ẹlẹ́ja kan rí mi. Ó pariwo kí ẹni tó wà lókè ọjà lè gbọ́: “Ẹ wo Bàbá o! Bàbá, ṣé kò sí obìnrin nílé ni?”

Mo ní, “Èmi wà nílé.”

“Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ẹ̀gbọ́n mi. Opó ni, ó mọ ọbẹ̀ sè.”

“Ṣé ó mọ òtílí bó?”

“Òtílí? Ta ló tún ń jẹ ìyẹn láyé yìí?”

“Kó dúró sílé rẹ̀ nígbà náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín. Ẹni tó ti fi táì sùn sábẹ́ ọkọ̀ nítorí ọsàn, ẹ̀rín kí ni yóò tún pa á? Ilẹ̀kùn tó tì náà ti ṣí kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé ọ̀bẹ fún ọmọ náà, n kò bi í ní nǹkan kan.

Sátidé tó kọjá ni Kòkú dé láti Lomé. Aṣọ funfun ló wọ̀, okùn ìwọ̀n àwọn kọ́lékọ́lé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀, kò tíì tẹ ilé ìdáná náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọn ògiri.

Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ti tó. Àgbà bíi tiyín ń gbé agbọ̀n lọ sọ́jà. Wọ́n ń pè mí ní fóònù láti Atakpamé pé ṣé mo ti kú ni. Ẹ̀ ń se oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ.”

“Ọmọ ọlọ́mọ ló se oúnjẹ fún mi tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí tí mo fi tọ́ ọ.”

“Ìgbà yẹn nìyẹn. Màmá ti lọ, Bàbá.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé.”

Ó tún na okùn rẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní, “N kò ní lọ sí Lomé. Bí o bá fẹ́ wó ibí yìí, dúró kí n kú, kí o sì rí i dájú pé mo kú, nítorí bí mo bá ṣì lè gbé ọ̀bẹ, n ó lé ọ.”

Yáwà, ọmọ Glei tó ń gbé yàrá igun, ló ń da omi sí ìkòkò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì wò ká. Ó kàn wo ọwọ́ Kòkú, bí òun àti àwọn yòókù ti ń wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lásìkò oúnjẹ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Kòkú, ẹ kú àbọ̀. Kí lẹ mú wá?”

“Mú wá fún kí ni?”

“Fún ìkòkò.”

Kòkú wo okùn ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Yáwà fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó Àfí sún mọ́ ọn, ó gbé iṣu kan àti ọ̀bẹ lé e lórí, kò fi ẹ̀gàn kún un, kò sì fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Mo rò pé Kòkú yóò yí padà lọ sínú ọkọ̀. Ó ká apá ẹ̀wù funfun náà sókè, ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ iṣu bí olówó, èèpo náà nípọn bí bàtà.

Mo ṣa ọ̀kan nílẹ̀. Mo gbé e sójú oòrùn, mo kọjú sí i.

Mo ní, “N kò rí ọ.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni Màmá máa ń sọ.” Ó mú iṣu kejì. Ó bẹ èyí fẹ́lẹ́.

A jẹun. Ìkòkò ńlá wà láàárín, ohun olójú wà nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kòkú jẹ òtílí àti iṣu títí ó fi fi ìka nu abọ́, àwọn ọmọ sì ń bi í bóyá wọ́n ń jẹ irú rẹ̀ nínú atẹ́gùn tútù Lomé. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó ní kí n má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní òun ń bọ̀ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí á jókòó sọ ọ́ bí àgbà.

Mo ní, “Máa bọ̀. Má mú nǹkan kan dání.”